Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ń yà sí? Ìbéèrè láti Kàbbà àti àyíká rẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá mi dúró lọ́jà àti ní gáráàjì láti bi mí ní ohun tí kì í jáde nínú ìdánwò. Àwọn tó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ni mo ṣà jọ síbí. Lójú tèmi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn: bí ìmọ́lẹ̀ bá kan nǹkan, ọ̀nà wo ló ń gbà kúrò níbẹ̀?

Tísà, bí òjò bá dá tán, àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa máa ń kọ mànà láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣe ló kàn ń ṣá, kì í dán rárá. Ṣé òjò ló ń fọ̀ ọ́ ni?

Fífọ̀ kọ́. Ẹ lọ fọwọ́ pa á nígbà tó bá gbẹ. Láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, irú àpáta bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa: ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó kún fún ègé òkúta wẹ́wẹ́ tí oníkálukú wọn kọjú síbi tó wù ú. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní wàhálà. Tààrà ló ń rìn títí yóò fi kan nǹkan. Bó bá sì kàn án, bó ṣe dagun wọlé náà ni yóò ṣe dagun jáde lódìkejì. Òfin yìí kì í yẹ̀, ì báà jẹ́ lára dígí tàbí lẹ́yìn ìkòkò. Ibi tí ara nǹkan náà kọjú sí ló ń yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù tí ẹ jù mọ́ ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì, ẹ mọ ibi tó máa ta sí. Èyí tí ẹ jù mọ́ òkìtì òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, ta ló mọ̀?

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kan àpáta gbígbẹ máa ń fọ́n ká. Díẹ̀ dé ojú yín, díẹ̀ dé ojú aládùúgbò yín, díẹ̀ bá àwọn ẹyẹ lókè. Gbogbo yín lẹ rí àpáta, kò sì dán lójú ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá rọ̀, omi á dí àwọn kòtò wẹ́wẹ́ yẹn, ojú rẹ̀ á tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lójú omi náà á gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Bí ẹ bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, àpáta á kọ mànà sí yín. Aládùúgbò yín tó dúró síbòmíràn, dúdú ló máa rí, á tiẹ̀ dúdú ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ abẹ́ omi máa ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó rọ́nà jáde, àpáta á sì máa gbé lára rẹ̀ mì. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wá ń jiyàn, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu nìyí: ìmọ́lẹ̀ tí bébà funfun ń dá padà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti dígí. Bébà ń tú tirẹ̀ ká, dígí ń jẹ́ kó lọ bó ṣe tò wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ojú yín nínú ọ̀kan, tí ẹ ò rí i nínú èkejì. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ (ìyẹn àlàfo láti orí ìgbì kan sí èkejì, bí a ti ń rí i lójú omi) kò gùn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Bí kòtò ara nǹkan bá kéré gan-an sí ìyẹn, títẹ́jú ni lójú ìmọ́lẹ̀. Bébà tó ń yọ̀ lọ́wọ́ wa kò tíì súnmọ́ ọn.

Lọ́kọ́ja sí Kàbbà ni mò ń ná. Bí òjò bá rọ̀ lóru, iná mọ́tò mi kì í ràn lójú títì mọ́. Mo ti pààrọ̀ gílóòbù, kò yí padà.

Owó gílóòbù yẹn ṣòfò, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àpáta náà ni. Ọ̀dà gbígbẹ rí ṣákiṣàki, ó ń fọ́n iná yín ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń padà wá bá yín. Òun lẹ fi ń rí títì. Bí omi bá bo ọ̀dà, iná yín á kan omi, á sì sáré lọ síwájú. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì náà ń ṣe bákan náà, ojú yín gan-an ló sì ń já sí. Ẹ pàdánù tiyín, ẹ tún gba tẹlòmíràn. Ìlà funfun ojú títì pàápàá, nítorí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà rẹ̀ ló ṣe ń tàn lóru. Bí omi bá ti bò wọ́n, iṣẹ́ wọn dín kù. Ẹ rọra sá, ẹ nu dígí iwájú ọkọ̀ tinú tòde, kí ẹ sì máa wo etí títì bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀ wá pàdé yín.

Tépù pupa àti funfun tó wà lẹ́yìn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ní Ọbájánà ńkọ́? Kò ní wáyà, kò ní bátìrì, ó ń tàn yòò.

Iná tiyín ni tépù náà ń dá padà fún yín. Bí ẹ bá gbé dígí mẹ́ta pàdé ara wọn bí igun yàrá, níbi tí ògiri méjì ti pàdé ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á ta lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì padà síbi tó ti wá gan-an, bó ti wù kó dagun tó. Àìmọye irú igun kékeré bẹ́ẹ̀, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì, ló wà nínú tépù yẹn. Ẹni tó dúró létí títì kò ní rí i kó tàn bíi tiyín, torí iná mọ́tò yín ló ń padà sí, ẹ̀yin lẹ sì jókòó nítòsí rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó, ó ti di lásán.

Irú igun bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó wọ ọkọ̀ òfuurufú Apollo 11 fi sílẹ̀ lórí òṣùpá ní 1969. Àwọn onímọ̀ máa ń ta ìtànṣán lésà sí i láti ayé, wọ́n á sì ka ìgbà tó fi lọ tó fi bọ̀: bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 299,792 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé òṣùpá ń sún kúrò lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí 3.8 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún.

Omi tí mò ń rí lójú títì níwájú lọ́sàn-án gangan, tí mi ò dé ibẹ̀ rí ńkọ́?

Ojú ọ̀run lẹ̀ ń rí. Ọ̀dà gbóná, atẹ́gùn tó súnmọ́ ọn gbóná ju tòkè lọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run á sì tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú atẹ́gùn náà títí yóò fi kọjú sókè, wá sójú yín. Ó jọ pé títì ló dá a padà, àmọ́ kò kan títì rárá. Èyí tó dagun púpọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, nìkan ló lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọ̀ọ́kán lẹ ó máa rí i, bí ẹ sì ṣe ń sún mọ́ ọn ni yóò máa sá.

Télọ̀ ni mí, mo fẹ́ ra dígí tí oníbàárà á fi rí ara rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n ra èyí tó ga tó èèyàn. Owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ má rà á. Ìdajì èèyàn ti tó. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lẹ́sẹ̀ oníbàárà, kó tó lè ta lára dígí wá sójú rẹ̀, àárín ẹsẹ̀ àti ojú gan-an ló gbọ́dọ̀ ti kan dígí, torí bó ṣe wọlé ló ń jáde. Tòkè orí náà, àárín orí àti ojú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, tí ojú rẹ̀ wà ní 148. Ìsàlẹ̀ dígí á wà ní 74 sílẹ̀, òkè rẹ̀ ní 154. Dígí náà kò ju 80 lọ. Ẹ tún ro ti ẹni kúkúrú tó ga ní 150 àti ẹni gíga tó jẹ́ 180: bí dígí bá bẹ̀rẹ̀ ní bíi 69, tó sì parí ní 174, gbogbo wọn ló bá a mu. Mítà kan àti díẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń búra pé bí èèyàn bá fà sẹ́yìn, á rí púpọ̀ sí i nínú ara rẹ̀. Rárá o. Ẹ fi ọṣẹ sàmì síbi tí orúnkún yín wà nínú dígí, kí ẹ wá máa fẹ̀yìn rìn. Orúnkún kò ní kúrò lójú àmì náà. Ohun tó lè da ìṣirò yìí rú ni kí ẹ fi dígí ti ògiri kó dà sẹ́yìn, tàbí kó jẹ́ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti tẹ̀. Dígí tó tẹ̀ ń sọ èèyàn di tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí fífẹ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí dígí wọn ń buyì kún aṣọ ju bí wọ́n ṣe rán an lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu.

Kí ló dé tí dígí fi ń sọ ọ̀tún di òsì, tí kì í sọ orí di ẹsẹ̀?

Kò sọ ọ̀kankan di ìkejì. Ẹ kọjú sí dígí, kí ẹ na ọwọ́ tó wà lápá ìlà oòrùn: ọwọ́ tó wà lápá ìlà oòrùn nínú dígí náà ló máa gbé sókè. Iwájú àti ẹ̀yìn ni dígí ń pààrọ̀. Àwa la ń fọkàn rò ó pé ẹni inú dígí rìn yípo wá dojú kọ wá. Ẹ kọ orúkọ yín sára ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e síwájú dígí láìyí i padà. Ẹ ó kà á dáadáa.

Láti orí Òkè Pátì ní Lọ́kọ́ja, mo rí i pé àwọ̀ Odò Ọya àti Bénúè kò jọra. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi, ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí.

Bí èèyàn bá wo omi láti òkè tààrà, bíi 2 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú rẹ̀ ló ń ta padà. Èyí tó kù wọlé, ó lọ bá erùpẹ̀ inú omi, erùpẹ̀ sì ń fọ́n ọn jáde pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Erùpẹ̀ tí odò méjèèjì ń gbé kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti rẹlẹ̀, tí ẹ ń wo ọ̀ọ́kán, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ di dígí pátápátá.

Sà, ṣé iná wà lójú màlúù? Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo wọn lóru, ojú wọn ń tàn!

Pa tọ́ọ̀ṣì rẹ, kí o wò ó bóyá á ṣì tàn. Awọ kan tó ń dán wà lẹ́yìn ojú màlúù, ewúrẹ́, ajá àti ológbò, òun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ojú wọn lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì nínú òkùnkùn. Àwa èèyàn kò ní in. Má tijú ìbéèrè rẹ: àwọn ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kan láyé àtijọ́ náà rò pé ojú ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síta. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ló fi àlàyé tó múná dóko hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wọnú ojú. Àwọn tó ń fi ojú ológbò pe ẹnìkan ní àjẹ́, ìwọ sọ fún wọn.

Ọmọ mi, ṣé kí n má bo dígí mọ́ bí àrá bá ń sán?

Màmá, dígí kì í pe àrá. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, kọ́ àwọn èèyàn láti máa fi kun ẹ̀yìn gíláàsì ní 1835, alumíníọ̀mù tún wà lára tòde òní, kò sì sí èyí tó ń fa mànàmáná wọlé. Ìbùyẹ̀rì mànàmáná ni dígí ń dá padà, yàrá á wá mọ́lẹ̀ yẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù á sì bà yín lẹ́ẹ̀mejì. Bí aṣọ tí ẹ fi bò ó bá ń jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ bò ó, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, ẹ má sì sá sábẹ́ igi máńgòrò.