Omi borehole kọ́ ni bátìrì inverter ń mu o

Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló gbé bátìrì wá bá mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: a cháàjì ẹ̀ ó kún, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti kú, bẹ́ẹ̀ la ò tan nǹkan kan. Ìyá kan tiẹ̀ ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mo ṣí i, omi inú ẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kí lẹ bù sí i, Mà? Wọ́n ní omi borehole, ṣebí omi ni gbogbo omi.

Ẹ gbọ́. Òjé ló wà nínú bátìrì yẹn. Átọ́ọ̀mù òjé kan ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (nǹkan tíntìntín tó jẹ́ pé bó ṣe ń rìn nínú wáyà niná ń tàn) 82. Tẹ́ẹ bá tan gílóòbù, òjé tó wà lápá nẹ́gẹ́tíìfù á ju méjì sílẹ̀, á ku 80, ó ti di íọ́ọ̀nù nìyẹn. Méjì tó jù sílẹ̀ ló ń gba inú wáyà lọ tanná fún yín, kí òjé apá pọ́sítíìfù tó gbà á (òun ti sọ mẹ́rin nù tẹ́lẹ̀). Tápá méjèèjì bá ti wá rí bákan náà, bátìrì kú nìyẹn. Cháájà ló ń dá gbogbo ẹ̀ padà.

Inú wáyà ló yẹ kó gbà o! Omi borehole tó ń sọ tánkì yín di pupa yẹn, irin ló wà nínú ẹ̀. Íọ́ọ̀nù irin yìí, tó bá dé pọ́sítíìfù á ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, á rìn lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù, á gba òmíì níbẹ̀, á tún gbé e wá jù sílẹ̀, fàyàwọ́ gbáà ni, ó ń gbé e gba ẹ̀yìn bọ́dà, wáyà ò mọ̀, gílóòbù ò mọ̀, ẹ̀yin ń sùn. Irin yẹn ò sì ní tán, ẹyọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ayé wo lẹ tún ń wá?

Distilled water nìkan, omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n tún gbà padà. Pure water náà kọ́ o, mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ béèrè.

Àwọn tó ń bu ásíìdì kún un torí pé omi ẹ̀ fà, àwọn yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ásíìdì ò lọ síbì kankan, omi ló ń di gáàsì tí bátìrì bá ń chaaji. Èmi kì í fọwọ́ kan bátìrì láìfi hydrometer (irinṣẹ́ tó ń sọ bí omi inú ẹ̀ ṣe ki tó) wọ̀n ọ́n, tó bá ti wà ní 1.265 tàbí súnmọ́ ọn, cháàjì ẹ̀ ti kún.

Gáàsì yẹn, hydrogen wà nínú ẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ṣáná láìtà láti wo inú bátìrì tó ń chaaji lọ́wọ́. Ó bú gbàù, ásíìdì fọ́n sí i lójú. Kẹ́ẹ̀gì omi borehole mẹ́rin la dà sójú ẹ̀ ká tó gbé e lọ sọ́sìbítù, ibẹ̀ lomi borehole ti wúlò. Ojú òsì ẹ̀ ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tọ́ọ̀ṣì sì wà lórí fóònù tó wà nínú àpò ẹ̀ o.