Àbàwọ́n tí kì í ṣí: ẹjọ́ káàdì àwòrán níwájú àwọn tí ń tọ́jú Linux

Ẹ̀sùn kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń lo Linux, ó sì ti sú mi í gbọ́: pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí àwọn tí ń tọ́jú kernel (ọkàn Linux) dá ẹni tó ń lo driver ilé-iṣẹ́ Nvidia (ètò tí ń darí káàdì àwòrán wọn) lóhùn, nígbà tó jẹ́ pé gbangba ni kóòdù wọn wà. Kóòdù Linux wà ní gbangba, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ti driver ilé-iṣẹ́ náà ni kò sí níta tán, bẹ́ẹ̀ inú kernel kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́, tí ó lè kọ nǹkan sí ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mọ́rì, kí apá mìíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì dákú lẹ́yìn wákàtí kan.

Ohun tí àwọn tó ń fẹ̀sùn yìí kàn kì í fẹ́ wò ni fáìlì kékeré kan tí kernel ń kọ àbàwọ́n ara rẹ̀ sí, /proc/sys/kernel/tainted. Bí ẹ bá bá 0 níbẹ̀, kernel yín kò ní àbàwọ́n. Bí ẹ bá bá 4097, ẹ pín in sí 1 àti 4096: 1 ń sọ pé module (ẹ̀yà tí a ń fi kún kernel) tí àṣẹ ìlò rẹ̀ kò bá ti GPL, àṣẹ ìlò Linux, mu ti wọlé, 4096 sì ń sọ pé ìta ni wọ́n ti kọ module kan wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá fi rmmod, àṣẹ tí ń yọ module, yọ driver náà kúrò, wọ́n á sì fẹjọ́ sùn bí ẹni pé ọwọ́ ti mọ́. Nọ́ńbà náà kò ní yí padà títí ẹ ó fi pa kọ̀ǹpútà tí ẹ ó sì tún un tàn, nítorí ohun tí driver ti bàjẹ́ nínú mẹ́mọ́rì kò bá a jáde. Bí ẹ bá sì tún un tàn láìdí driver lọ́nà, òun náà ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹ dí i lọ́nà, kí ẹ lo nouveau, driver mìíràn fún káàdì Nvidia tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí ó ti wà nínú kernel láti 2.6.33 ní ọdún 2010, kí ẹ wò ó bóyá àìsàn náà yóò tún yọjú.

Ẹnìkan á ní ṣebí Nvidia ti ṣí kóòdù rẹ̀ ní 2022. Apá ti kernel nìkan ni. Apá OpenGL àti Vulkan, tí eré àti ètò mìíràn fi ń ya àwòrán, ṣì wà ní títì. Bí ẹ bá lo èyí tí wọ́n ṣí náà, 1 lè kúrò, ṣùgbọ́n 4096 kò lọ síbì kan.

N kò wí pé driver yìí ló ń jẹ̀bi nígbà gbogbo, nítorí àbàwọ́n kì í ṣe ìdájọ́. Kódà nouveau lè tàn wá jẹ: lórí àwọn káàdì ìran Pascal, kò lè mú káàdì sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àìsàn tí eré líle ń fà lè má fara hàn rárá. Bí ó bá wá jẹ́ pé orí driver ilé-iṣẹ́ nìkan ni ẹ ti ń rí i, nvidia-bug-report.sh, ètò Nvidia tí ń kó ẹ̀rí jọ, wà nílẹ̀. Àwọn tó ni ín ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Kí ẹ tó fi dmesg (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ) ránṣẹ́ síbikíbi, ẹ kà á fúnra yín, nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fíláàṣì àti àdírẹ́sì káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan fún wọn: ìdákú àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wá, àwọn tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ àtubọ̀tán rẹ̀.