Ta ló sọ pé Tòkunbọ̀ kì í dípẹtà?

“Tòkunbọ̀ ni, kò lè dípẹtà.” Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń ta jíìpù ní Berger l'Èkó àti ní Kútọnu, àwọn tó ń rà á sì ti gbà á gbọ́ débi pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Wọ́n á wo bọ́dì, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbọ́ bí jíà ṣe ń wọlé, wọ́n á sanwó. Èrò wọn ni pé ọ̀nà òyìnbó kò ní ẹrẹ̀ àti kòtò bíi tiwa. Ọ̀nà wọn dára lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ ń bẹ lójú rẹ̀.

Iyọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ sí. Ní New York, Michigan, Ohio àti Pennsylvania, àti ní Ontario àti Quebec ní Kánádà, tí yìnyín bá bo títì nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí i kó lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn ni táyà ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún. Jíìpù tó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ ti fi omi iyọ̀ wẹ̀ ní ìgbà òtútù mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn tó mọ̀ nípa iyọ̀ á tún ní ó ti parí, ṣebí kò sí yìnyín l'Ékòó. Ibí gan-an ni ìṣìnà wà. Ṣasí, ìyẹn irin abẹ́ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ti Toyota 4Runner, Prado àti Land Cruiser dà bí àpótí irin gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo, tó ní ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde. Ihò yẹn náà ni omi iyọ̀ ń gbà wọlé, ẹrẹ̀ á sì wá dí i pa. Tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sínú. Iyọ̀ a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́: tí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, á yọ́ padà di omi. Ọ̀pọ̀ òru l'Ékòó ni ọ̀rinrin máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ooru wa tún ń mú kí irin yára jẹ ju bó ṣe ń jẹ nínú òtútù lọ. Ọkọ̀ náà ti kúrò nílẹ̀ yìnyín, ìpẹtà inú rẹ̀ kò dúró. Inú ló sì ti ń jẹ bọ̀ síta, bí ọ̀pọ̀tọ́ tó dán lójú tí èèrà kún inú rẹ̀.

Nínú àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní kóòtù Amẹ́ríkà ní 2016, Toyota gbà láti yẹ ṣasí Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, àti Sequoia 2005 sí 2008 wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ. Wọ́n fojú bu iye rẹ̀ sí bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ta ló fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣẹlẹ̀?

“Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán” kò tó ẹ̀rí. Tí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú náà lára rọ́bà, lórí nọ́ọ̀tì, lára sàlẹ́ńsà tàbí lórí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ̀yìn tí ọkọ̀ ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kùn ún. Ó lè jẹ́ ìtọ́jú, ó sì lè jẹ́ ìbòjú.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi ohun tó lágbára tì í, ẹ má gbọ́kàn lé jáàkì nìkan. Tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti sukudiráfà ti tó. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí ṣasí ti tẹ̀ gba orí axle (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) kọjá, ibi tí apá irin tó di axle mú ti so mọ́ ṣasí, àti irin ìdábùú tó gbé sípíà táyà. Ẹ máa kan òòlù mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti jẹ á dún bí ìgbà tí wọ́n gbá páálí. Tí sukudiráfà bá wọlé, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Eruku pupa tí búrọ́ọ̀ṣì onírin lè gbá kúrò kò léwu. Èyí tó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ìpẹtà máa ń wú ju irin tó jẹ lọ: ohun tó nípọn lójú lè má ní irin gidi nínú ju ti agolo mílíìkì lọ. Ẹ tọ páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Highlander àti RAV4 kò ní irú ṣasí yìí. Abẹ́ ilẹ̀kùn àti irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò níbẹ̀.

“Houston ni wọ́n ti kó o”, ìyẹn ìlú kan ní Texas níbi tí yìnyín kò wọ́pọ̀, kò sọ ju ibi tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. VIN, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lára rẹ̀, ni kí ẹ fi wá ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lò ó.

Gbogbo èyí kò sọ pé ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ òtútù wá ti bàjẹ́ dandan. Àwọn kan ń fọ́n òróró sínú ṣasí lọ́dọọdún kó má baà dípẹtà. Òòlù náà kò sì lè dé gbogbo kọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí tó pé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní wẹ́dà á lẹ̀ ẹ́. Irin tuntun tí wọ́n jó mọ́ irin tó ti tín-ín-rín kò rí ohun gidi dì mú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ló máa ń kọ́kọ́ ya. Tí ọlọ́jà kò bá sì jẹ́ kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sókè, ẹ má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ àsansílẹ̀.