Báwo ni Alec Guinness ṣe di èèyàn mẹ́fà lójú àwòrán kan?

Ta ni Alec Guinness gan-an?

Òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. London ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1914, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2000. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó kó tó bọ́ sórí ìtàgé ní 1934, nígbà tí òṣèré àgbà John Gielgud fún un ní ipa kékeré nínú *Hamlet*. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó darí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn sójà gúnlẹ̀ ní Sicily. Ó gba Oscar fún *The Bridge on the River Kwai* (1957), wọ́n sì fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1959. Ẹni tí kò gbọ́ gbogbo ìyẹn rí á ṣáà ti rí bàbá onírùngbọ̀n inú *Star Wars*.

Wọ́n ní òun nìkan ló ṣe gbogbo ẹbí kan nínú sinimá. Ṣé mẹ́jọ ni wọ́n ni, àbí mẹ́sàn-án?

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn tó ń jiyàn yẹn. *Kind Hearts and Coronets*, tí iléeṣẹ́ sinimá Ealing ṣe ní 1949, ló dá a sílẹ̀. Ìdílé D'Ascoyne ta ìyá ọ̀dọ́kùnrin kan nù torí ẹni tó fẹ́. Ọmọ náà wá ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí oyè Duke lè já mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn D'Ascoyne tó dúró sáàárín òun àti oyè jẹ́ mẹ́jọ, Guinness ló sì ṣe gbogbo wọn, títí kan obìnrin kan, Lady Agatha. Ẹ̀kẹsàn-án ni Duke àtijọ́ tó yọjú fìrí níbẹ̀rẹ̀. Ipa mẹ́rin péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Ó tẹ wáyà padà pé kí ló dé tí wọn ò kúkú fún òun ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà, báwo ni mẹ́fà nínú wọn ṣe jọ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà?

Níbi ìsìnkú Henry, ọ̀kan nínú àwọn D'Ascoyne, nìyẹn, lẹ́yìn tí méjì ti kú, tó ku mẹ́fà. Douglas Slocombe ló di kámẹ́rà mú, inú kámẹ́rà náà ló sì ti parí iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tó gbára lé kò ju èyí lọ: fíìmù kì í gba àwòrán níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé. Ó fi nǹkan dúdú bo iwájú lẹ́ǹsì, ó ṣí kìkì ibi tí ẹni àkọ́kọ́ wà sílẹ̀, wọ́n yà á. Wọ́n pa ibẹ̀ dé, wọ́n yí fíìmù padà sẹ́yìn dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Guinness lọ pààrọ̀ aṣọ àti mekọ́ọ̀pù, ó padà wá sí ààyè mìíràn, wọ́n ṣí ojú kejì. Bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹfà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló gbà.

Ohun tó lè ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ pọ̀. Bí ojú méjì bá gun ara wọn, ibẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á funfun; bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ìlà dúdú á là á kọjá. Bí iná bá yàtọ̀ lónìí sí tàná, ẹnì kan á mọ́lẹ̀ ju ẹnì kejì lọ. Bí òṣèré bá na ọwọ́ kọjá ààlà, ọwọ́ náà á gé kúrò. Èyí tó burú jù ni kí kámẹ́rà mì, bó ti wù kó kéré mọ. Slocombe sọ pé inú sítúdíò lòun ń sùn kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ẹ sì rántí pé wọn ò lè fọ fíìmù náà wò títí ẹni kẹfà á fi jókòó: bí àṣìṣe bá ti wọ ti ìkẹta, wọ́n á ṣì ya mẹ́ta sí i lórí ẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn onífọ́tò Yorùbá náà mọ ẹ̀dà ọgbọ́n yìí. Ní Ìlá Ọ̀ràngún nígbà kan, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n máa ń tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin kí wọ́n yà á, á tún wọ ti obìnrin.

Ṣé kì í ṣe kámẹ́rà àti mekọ́ọ̀pù ló ṣiṣẹ́ nígbà náà?

Rárá o. Mekọ́ọ̀pù lè yí imú padà, kò lè yí ìrìn padà, ìrìn sì ni Guinness gbójú lé jù. Ẹ wo ibi tí Ọ̀gágun Nicholson, ìyẹn ipa tó ṣe, ti jáde láti inú àhámọ́ gbígbóná nínú *Kwai*, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbò yèpéyèpé, síbẹ̀ tó fẹ́ dúró bí sójà. Ìrìn ọmọ rẹ̀ Matthew, nígbà tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í sílẹ̀, ló fi ṣe é.

Nígbà tó fẹ́ ṣe amí George Smiley fún BBC ní 1979, ó ní kí òǹkọ̀wé náà, John le Carré, fi òun mọ amí gidi. Wọ́n bá Maurice Oldfield, tó ti jẹ ọ̀gá àgbà MI6, àjọ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹun ọ̀sán. Kì í ṣe àṣírí ìjọba ni Guinness ń wá lára ọkùnrin yẹn: bàtà rẹ̀ ló ń wò, bọ́tìnnì apá ẹ̀wù rẹ̀, àti agbòjò tó ká dání.

Mekọ́ọ̀pù tó pọ̀ jù tilẹ̀ kó bá a rí. Imú ńlá tí Stuart Freeborn mọ fún un kó lè ṣe Fagin, Júù tó jẹ́ olórí àwọn olè, nínú *Oliver Twist* (1948) bí àwọn Júù nínú, ó sì tọ́ kó bí wọn nínú. Amẹ́ríkà kò gbé sinimá náà jáde títí di 1951, ó sì di gígé kí wọ́n tó gbé e jáde. Freeborn yìí kan náà ló wá ṣe mekọ́ọ̀pù *Star Wars*.

Ṣé orí ìtàgé náà ló ti ń borí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ṣubú níbẹ̀ gidi. Ní 1951 ó ṣe *Hamlet* ní New Theatre, London, òun fúnra rẹ̀ ló tún ń darí rẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, iná orí ìtàgé kò bá eré rìn mọ́: ó ń tàn níbi tó yẹ kó ṣú, ó ń ṣú níbi tó yẹ kó tàn. Àwọn alárìíwísí fọ́ ọ lórí. Ojú sinimá ni òkìkí rẹ̀ ti wá gbòòrò jù lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ìtàgé sílẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Tony ní New York ní 1964.

Òótọ́ ni pé ó kórìíra *Star Wars* tó sọ ọ́ di olówó?

Ariwo tó tẹ̀ lé e ló sú u. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọkùnrin kan sọ fún òun pé òun ti wò ó ju ìgbà 100 lọ, òun sì bẹ̀ ẹ́ kó má wò ó mọ́ láéláé. Ní ti owó, ó gbà ju owó iṣẹ́ lọ: ìpín tó lé díẹ̀ ní 2 nínú 100 ni wọ́n fún un. Kì í ṣe lórí gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì bí àwọn kan ṣe ń rò, orí owó tó bá kan apá George Lucas, tó darí sinimá náà, ni. Nígbà tí sinimá náà ti tà káàkiri ayé, ìyẹn tó o ná títí alẹ́ ayé rẹ̀.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

*The Lavender Hill Mob* (1951) fún ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín: akọ̀wé jẹ́jẹ́ kan tó jí góòlù báńkì. Lẹ́yìn ẹ̀, *The Ladykillers* (1955), níbi tí eyín àtọwọ́dá kan ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ti Smiley, *Tinker Tailor Soldier Spy*, apá méje ni. Ẹ má ṣe fi oorun wò ó.