Tọ́bò kọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì yín

Ẹ gbé Hilux tàbí Prado oní-dísẹ̀lì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ẹ ní ó ń tú èéfín dúdú, kò sì fẹ́ gun òkè mọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ tọ́bò yìí dànù. Òun ló ń mu epo, òun náà ló máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́." Wọ́n á tú tọ́bò náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ kan, wọ́n á fi dí ojú ibẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, àwa Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ní a mọ owó ṣọ́ kò sì ní kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ ni ṣá o, irọ́ tó ń náni lówó gọbọi.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Mercedes 911 ni ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì wa fi mọ dísẹ̀lì, ọkọ̀ tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó J4 bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ́ńjìnnì OM352 inú rẹ̀ tó lítà 5.7, kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin bíi 130 péré ló sì ń mú wá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kéré sí bó ṣe tóbi tó. Ìdí nìyẹn tó fi ń fara da ọ́ìlì tó ti dúdú bí ọ̀dà àti fítà tí eruku ti dí pa. Ẹni tó fi irú ẹ̀ kọ́ṣẹ́, tó wá rí tọ́bò tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ta ló tún máa dá lẹ́bi?

Kì í ṣe pé tọ́bò jẹ́ nǹkan àná. Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1905. Ní 1978, Mercedes gbé 300SD jáde, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní-dísẹ̀lì àkọ́kọ́ tó ní tọ́bò tí wọ́n ṣe fún ọjà. Àwọn tírélà òde òní tó ń gba oríta Ṣàgámù kọjá lóru, ekukáká ni ẹ ó fi rí ọ̀kan tí kò ní in.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro lóye. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà ní ìdí kejì irin kan náà, òun ló ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọlé. Tọ́bò fúnra rẹ̀ kì í pín epo kankan. Afẹ́fẹ́ ló ń pèsè, kí epo tó wọlé lè jó tán.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Toyota méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5L (orúkọ rẹ̀ ni, kì í ṣe lítà márùn-ún) kò ní tọ́bò; ó jẹ́ sììsì 2,986, ìyẹn bíi lítà mẹ́ta, agbára ẹṣin rẹ̀ kò sì pé 100. 1KD-FTV tó ní tọ́bò jẹ́ sììsì 2,982, agbára rẹ̀ sì ju 160 lọ. Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: 5L ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 22, ti 1KD kò ju bíi 18 lọ, torí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé tọ́bò á ti kọ́kọ́ fún un pọ̀ kó tó débẹ̀. Tí ẹ bá yọ tọ́bò 1KD, kò lè di 5L láéláé. Ẹ́ńjìnnì tí kò tó iṣẹ́ ṣe ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ní kọ̀ǹpútà, bíi 1KD, kọ̀ǹpútà náà á rí i pé afẹ́fẹ́ kò tó, á sì dín agbára kù. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣètò pọ́ọ̀ǹbù epo rẹ̀, epo lè ṣì máa ya wọlé jù, bí ìgbà tí èèyàn kó igi kún ààrò gàrí láìfi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ ó wá máa tẹ iná mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Níbo ni ẹ ti wá dín owó epo kù?

Kí ló wá ń pa tọ́bò? Wàhálà ọ́ìlì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Irin àárín rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń léfòó lé. Ní àwọn 1KD tó kọ́kọ́ jáde, wáṣà bàbà abẹ́ nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tó ń wọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, máa ń jò. Èéfín iná á gba ibẹ̀ bọ́ sínú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ọ̀dà, ọ̀dà náà á lọ dí asẹ́ tí pọ́ọ̀ǹbù fi ń fa ọ́ìlì. Tọ́bò lè kọ́kọ́ pariwo torí òun ni kò lè fara da ebi ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì tẹ̀lé e. Wọ́n á wá ní tọ́bò ló pa á! Ìdí kan náà ni tọ́bò tuntun fi ń kú kíá: wọ́n rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi páìpù ọ́ìlì tó ti dí sílẹ̀.

Fún ọ̀nà tiwa níbí, mo máa ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000, kí ẹ sì yẹ fítà afẹ́fẹ́ wò léraléra lásìkò ọyẹ́. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì: àmì API tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CI-4, ni ti dísẹ̀lì; èyí tó ní S nìkan, ti pẹtiróòlù ni. Tí ẹ bá sáré bọ̀ láti ọ̀nà Benin, tí ẹ yà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọra mí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì má baà jó gbẹ mọ́ irin gbígbóná náà.

Ibi kan wà tí tọ́bò tó bàjẹ́ ti lè ṣe ẹ́ńjìnnì ní jàǹbá lójú ẹsẹ̀. Tí ṣíìlì inú rẹ̀ tó ń dá ọ́ìlì dúró bá jẹ, ọ́ìlì lè gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọlé. Ooru afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń tan iná dísẹ̀lì, kò sí plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù níbẹ̀, torí náà á jó ọ́ìlì náà bí epo. Ẹ́ńjìnnì á máa ké sókè fúnra rẹ̀, ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ oní-jíà ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ki í sí jíà tó ga jù, kí ẹ sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jìnnà sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ bọ ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ rẹ̀.