Sìmẹ́ǹtì inú egungun ẹ̀yìn, kì í ṣe ti bíríkìlà o

Pé egungun àwọn ìyá àgbà máa ń fúyẹ́, tí inú ẹ̀ á wá dà bíi kànìnkànìn tó ti gbó, gbogbo wa la ti gbọ́ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ní káwọn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, tàbí tí wọ́n tiẹ̀ kàn wúkọ́ lásán, tí nǹkan sì ró kẹ́ lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan nínú egungun ọ̀pá ẹ̀yìn ló wó yẹn, bí agolo mílíìkì téèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀: iwájú ẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ̀ síwájú. Àwọn ará ilé á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, agbo á bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá bá dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ ara á rọ̀ wọ́n díẹ̀, àtidìde lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni wàhálà. Èyí tó pọ̀ nínú ìrora yìí máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Èyí tí ò rọlẹ̀ ni wọ́n máa ń rọ sìmẹ́ǹtì sí. Vertebroplasty lorúkọ ẹ̀. Ìlú Amiens ní Faransé ni Galibert àti Deramond ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1984, ti aláìsàn wọn ò sì tiẹ̀ kan egungun gbígbó rárá, kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ egungun ọrùn ẹ̀. Aláìsàn á dojú bolẹ̀, dókítà á fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé sínú egungun tó wó, á máa wo ẹ́síréè lójú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ.

Sìmẹ́ǹtì ọ̀hún wá ńkọ́? Kò bá ti àpò inú ṣọ́ọ̀bù tan rárá. Ọ̀rá akiríliìkì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe erìgì pupa tó ń gbé eyín àtọwọ́dá dúró. Ìyẹ̀fun kan wà, omi kan wà, tí wọ́n bá ti pò wọ́n pọ̀ báyìí, aago ti ń ka nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́ á ṣàn bí ògì. Tí dókítà bá kánjú rọ ọ́ nígbà yẹn, á gba ojú sísán egungun jáde, ó lè bá iṣan ẹ̀jẹ̀ dénú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè yà sẹ́yìn lọ bá okùn ọpọlọ tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ìyẹn sì burú ju egungun tó wó lọ. Tó bá tún pẹ́ jù, á gan mọ́ inú abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan péré ló wà láàárín, tó máa ki bí ọṣẹ ìfọyín. Ẹni tó ń ro àmàlà mọ̀ ọ́n, ó mọ ìgbà tí ọmọrogùn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́, àmọ́ àmàlà tó bá le jù, èèyàn lè bomi sí i kó tún un rò, tó bá sì ní kókó, ẹni tébi ń pa á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí ò ní àtúnrò. Iná ló tún ń mú àmàlà gbóná, sìmẹ́ǹtì yìí fúnra ẹ̀ ló ń gbóná bó ṣe ń gan. Wọ́n máa ń fi díẹ̀ sórí tébù, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, èyí tó wà níta ló ń sọ bí ti inú ṣe ń le, wọn ò sì ní yí ìyá padà àfi tíyẹn bá ti dòkúta. Gbogbo ohun tó wọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ ju síbí tíì kan lọ.

Ní 1998 àwọn ará Amẹ́ríkà wá gbé kyphoplasty dé: kí wọ́n tó rọ ọ́, wọ́n á ki balúùnù kékeré wọlé, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á yọ ọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó ń gbé egungun dìde, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni pé àyè ti wà, sìmẹ́ǹtì tó ki dáadáa lè rọra wọlé láìfi agídí tì í.

Ohun tó ń bíni nínú ni káwọn ará ilé máa sọ pé egungun ìyá ti sàn. Èwo ló sàn níbẹ̀? Ọ̀kan tó wó ni wọ́n dí, èyí tó wà lókè ẹ̀ àti nísàlẹ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ kànìnkànìn, oògùn egungun ò gbọdọ̀ dúró.

Ṣé ó tiẹ̀ ń pa ìrora? Ní 2009 wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn 78 ní Ọsirélíà, 131 nínú èkejì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ara àwọn kan kú, wọ́n tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn, wọ́n wá ṣí omi akiríliìkì kí òórùn ẹ̀ lè gba gbogbo tíátà, òórùn tó jọ ti ibi tí wọ́n ti ń fi èékánná, káwọn yẹn lè gbà pé wọ́n ti rọ ọ́ sáwọn lára. Wọn ò rọ nǹkan kan. Ara tàwọn náà balẹ̀ bíi tàwọn tí wọ́n rọ ọ́ fún! Ní 2016 wọ́n mú èèyàn 120 ní Sydney, egungun gbogbo wọn ò tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ tó wó, ìyẹn kí ìrora tó ráyè rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ bá a ṣe sọ lókè, ìrora wọn sì pọ̀ gan-an, níbẹ̀ sìmẹ́ǹtì borí. Àwọn ará Họ́láǹdì ṣe tiwọn ní 2018, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ìjà ò tíì parí. Bóyá egungun ṣẹ̀ṣẹ̀ wó tàbí ó ti pẹ́, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, ló máa ń tú àṣírí ìyẹn: egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó máa ń lómi nínú, á mọ́lẹ̀ lójú fọ́tò. Èyí tó ti pẹ́ á ti gbẹ, á ṣú bíi tàwọn yòókù.