Bí Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ Kò Bá Fà Mọ́ Lójijì

Ìgbà wo gan-an ni agbára ọkọ̀ yín ń lọ? Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé ọkọ̀ tó ti pẹ́ wá pé kò fà mọ́ nìyẹn: ṣé bó bá ń gun òkè ni, ṣé lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ni, àbí láti ìgbà tó bá ti ń kúrò lójú kan? Ọ̀pọ̀ ni kì í rí èsì fọ̀, nítorí pé wọ́n ti ra púlọ́ọ̀gì, wọ́n ti pààrọ̀ fílítà, wọ́n sì ti náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́ kí wọ́n tó ronú kan ìbéèrè náà. Ó máa ń dùn mí, torí pé ìdáhùn yẹn kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Kí ẹ tó wá ìdáhùn, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná pupa ti ọ́ìlì bá tàn, tàbí tí ọwọ́ gééjì ooru bá ti kọjá ibi tó máa ń dúró sí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké kíkankíkan bí ẹ ti ń tẹ tọ́rọ́tù, tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, gíà tàbí kíláàṣì ni kí ẹ fura sí. Bí ẹ bá sì na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àwọn táyà láìfọwọ́ kàn wọ́n, tí ooru ọ̀kan ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì, bíréèkì ló sábà máa ń dì í mú.

Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún lórí ìdúró, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ kò rìn, tí ẹ kò sì tẹ tọ́rọ́tù. Èyí tó ń gbọ̀n, tó ń fo ìró kan lóòrèkóòrè, sílíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, waya rẹ̀ tàbí kọ́ìlì tó ń fún un ní iná. Bí iná ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bá wá ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á lọ, nítorí epo tí kò jóná yóò wọ inú catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, yóò sì sun ún bàjẹ́.

Èyí tó máa ń dà wá láàmú jù ni ọkọ̀ tí ohùn rẹ̀ mọ́ lórí ìdúró, àmọ́ tí agbára rẹ̀ ń lọ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé epo kò dé tó, ó sì lè jẹ́ pé èéfín kò rí ọ̀nà jáde. Ti epo sábà máa ń mú kí ọkọ̀ máa ta gìrì, agbára á sì padà díẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn agbára tí pọ́ọ̀ǹpù epo fi ń ti epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kárakára, nítorí pọ́ọ̀ǹpù tó ti rẹ̀ ṣì lè fún ọkọ̀ tó wà lórí ìdúró ní epo tó tó. Ti èéfín yàtọ̀: ọkọ̀ kì í ta gìrì, ńṣe ló ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀. Gééjì vacuum, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ lágbára tó, ni mo máa ń fi dá a mọ̀. Lórí ìdúró, ẹ́ńjìnnì tó dára sábà máa ń fi ínǹṣì mẹ́kúrì 17 sí 22 (òṣùwọ̀n gééjì náà) hàn níbi tí ilẹ̀ kò ti ga. Bí a bá wá mú un dúró ní ìyípo bíi 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí ọwọ́ gééjì ń rọra wálẹ̀ láìdúró, nǹkan ti dí nínú páìpù èéfín, catalytic converter ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀rọ skánà, èyí tí a ń so mọ́ ọkọ̀ láti ka kóòdù àìṣedéédé, wúlò, ṣùgbọ́n ibi tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti rí àìṣedéédé ló ń sọ, kì í sọ ohun tó bàjẹ́. Kóòdù P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Pọ́ọ̀ǹpù tó rẹ̀ lè fà á, họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ tó ya náà sì lè fà á. Họ́ọ̀sì rọ́bà ọkọ̀ tó ti pẹ́ máa ń ya nínú ìṣẹ́po rẹ̀, níbi tí ojú kò tó, nítorí náà ẹ tẹ họ́ọ̀sì náà kọrọdọ kí ibi tó ya lè hàn.

Bí epo bá ń dé, tí iná púlọ́ọ̀gì ń jáde, tí èéfín sì ń rí ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù máa ṣí, kí ó sì máa tì lásìkò. Bí bẹ́líìtì tó ti gbó bá fo eyín kan, fáàfù kò ní máa ṣí tàbí kí ó máa tì lásìkò mọ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bó bá tún fo sí i, fáàfù àti písítìnì yóò lura. Nítorí náà, bí mo bá fura sí i, n kì í gbà kí wọ́n tún wa ọkọ̀ náà láti wò ó bóyá yóò san; a máa ń ṣí ìdérí bẹ́líìtì, a ó wo àwọn àmì tí wọ́n fi tò ó, lẹ́yìn náà ni a ó wọn compression sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀.